Ẹ Bi Lọ́yà: JAMB Fún Ọmọ Tó Fẹ́ Ka Òfin

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ìdajì wọn ló sì dá lórí JAMB àti ẹ̀kọ́ Òfin. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, ẹ ní sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà wa. Òfin ni ọmọbìnrin mi fẹ́ kà. 241 ló gbà ní JAMB tó kọjá: Gẹ̀ẹ́sì 52, Lítíréṣọ̀ 58, Government 66, ẹ̀kọ́ Bíbélì 65. Philosophy ni wọ́n fún un. Tíṣà lẹ́sìn rẹ̀ ní kó tẹra mọ́ Government sí i, pé ibẹ̀ ni òfin wà. Àwọn kan ní kó gba Philosophy náà, kó krọ́ọ̀sì bọ́ sí Òfin tó bá dénú ọgbà. Kí ni ká ṣe? — Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Òṣogbo*

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bi ọmọ ní òfin nínú JAMB bí wọ́n ṣe ń bi wá ní kóòtù. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó lè ka ọ̀rọ̀ gígùn kíákíá, kó mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ wí àti ohun tí kò wí. Ibi tí ọmọ yín sì ti pàdánù máàkì gan-an nìyẹn, 52 àti 58. Ẹ jẹ́ kí Government sinmi díẹ̀.

Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn láàárín wákàtí méjì: 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Máàkì 100 ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, 100 náà sì ni Bíbélì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 40 péré ni ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín èwo ló kọ́kọ́ kojú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Gẹ̀ẹ́sì ni, pé àyọkà kan ló jókòó tì títí aago fi jẹ ẹ́ lójú, ló wá ń sáré tẹ ohun tó rí nínú Lítíréṣọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìdáhùn ti ń yá: Bíbélì, ìṣẹ́jú 20, Government, 20, Lítíréṣọ̀, 30, Gẹ̀ẹ́sì, 45. Ìṣẹ́jú 5 á ṣẹ́kù fún àwọn tó fò. Kó má sì fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tiwa, pẹ́ńsùlù la fi ń kun àpótí kéékèèké inú ìwé ìdáhùn. Lọ́dún 1997 mo fo nọ́ńbà 37 láìmọ̀, gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀lé e wá wọ ilé onílé. Ọdún kan gbáko lọ bẹ́ẹ̀. Ọjà Ọjẹ́ ni ìyá mi ti ń ta ọṣẹ dúdú n'Íbàdàn, ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ń rà ní kílò ló fi ń dì í, èmi ni mo sì ń bá a ya á. Kí n tó ya ojú ìwé kan, á ní, "Kí ló wí?" Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní láti sọ ọ́ ní Yorùbá tó máa yé e, tí mo bá sì ń ṣe "ó ní, ó ní" lójú kan, á ní, "Kò yé ìwọ alára." Èyí tó nira jù ni ojú ewé tí olóòtú ti máa ń sọ èrò tirẹ̀, torí ó lè máa yin gómìnà bọ̀ láti òkè, kó jẹ́ pé ó ń bú u ni. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni máàkì mi ti ga jù.

Torí náà sà, lálẹ́, ẹ ní kó ka ojú ìwé kan, kó pa á dé, kó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Ẹ bi í: kí lẹni yìí fẹ́ ká gbà? Kí ló fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn? Ibo ló ti yí ohùn padà? Ẹ má jẹ́ kó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé bo ohun tí kò yé wọn mọ́lẹ̀.

Ìró ohùn náà wà nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn, a sì ń fi ṣeré. Èdè wa kò ní z, kò ní v. Èmi ọmọ Ìbàdàn tí mò ń jẹ "isu", ẹ wo ohun tí ojú mi rí lórí "ship" àti "sip". Èyí tó tún ń kó wa sí wàhálà ni pé ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ la mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi agbára tẹ apá kan ọ̀rọ̀. Ẹ mú "convict": bí agbára bá wà níbẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ni, bó bá wà lẹ́yìn, adájọ́ ló ń dá ènìyàn lẹ́bi. "Record" àti "object" náà rí bẹ́ẹ̀. Kó kó irú wọn jọ sínú ìwé kan, kó máa pè é sókè.

Lítíréṣọ̀: àwọn ìwé tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì ọdún tó fẹ́ ṣe é ni kó kà, ìwé náà gan-an, kì í ṣe pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe àkékúrú rẹ̀ tà lójú títì. Ìtàn tí JAMB bá yàn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ò dárúkọ yunifásítì tó fẹ́. Bó bá jẹ́ ti Èkó, Akọka, kì í ṣe JAMB nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń fi 8 pín máàkì JAMB, kí 400 lè di 50 nínú 100. Ìdánwò tiwọn jẹ́ 30. Èsì WAEC márùn-ún jẹ́ 20: A1 ní 4, B2 ní 3.6, B3 ní 3.2, C4 ní 2.8, C5 ní 2.4, C6 ní 2. 241 ọmọ yín á di 30 àti díẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í wò: ọmọ tó ní C6 márùn-ún gba 10, èyí tó ní B3 márùn-ún gba 16. Mẹ́fà yẹn, tí ẹ bá sọ ọ́ di ti JAMB, ó jẹ́ máàkì 48! Ẹ gbé èsì WAEC rẹ̀ jáde kí ẹ tó sanwó lẹ́sìn mìíràn. Bó bá jẹ́ C6 ló kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Ní ti krọ́ọ̀sì, mo mọ ẹni tó ṣe é tó bọ́ sí i. Mo sì mọ àwọn tó gba oyè Philosophy tán tí wọ́n ṣì ń dúró. Bó bá fẹ́ràn Philosophy fúnra rẹ̀, kó lọ. Ó lè gba oyè náà kó fi wọ Òfin lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kó kọ̀ ọ́ lórí CAPS, ojú òpó tí JAMB ti ń fún ọmọ láyè sí yunifásítì, kó tún JAMB ṣe. Òun ni kó sọ èyí tó fẹ́ sà, kì í ṣe àwa méjèèjì.

*Àǹtí, ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 18 ni mí, mò ń bá ọ̀gá mi ṣe bíríkìlà. Mo ti ní WAEC mi pé, Òfin ni mo fẹ́. Mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé lẹ́yìn JAMB ni màá lọ Law School? — Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde*

Rárá o, àbúrò mi. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Law School, tí olú rẹ̀ wà ní Bwari l'Ábùjá, kí wọ́n tó pè ọ́ sí ẹgbẹ́ lọ́yà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé ná.

Kọ̀ǹpútà kéré nínú ìṣòro rẹ. Máòsì kò pọn dandan: bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó fún gbogbo ìdánwò náà. A, B, C, D ni ìdáhùn. N gbé ọ lọ síwájú, P dá ọ padà sẹ́yìn. S ni o fi ń parí, R ni o fi ń yí i padà bó bá jẹ́ àṣìṣe lo fi tẹ S. Lọ sí káfẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ti parí. Nígbà tí o bá ń ra fọ́ọ̀mù, sọ pé o fẹ́ ṣe mọ́ọ̀kì tí JAMB fúnra wọn ń ṣe. Kì í ṣe torí máàkì, torí kí o lè jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó di ọjọ́ gidi ni.

Ìka rẹ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń gbà nígbà ìforúkọsílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìdánwò. Sìmẹ́ǹtì sì ń jẹ ìlà ọwọ́. Mo ti tẹ̀ lé oníbàárà mi kan tó jẹ́ bíríkìlà lọ sí báǹkì rí, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kí o kúrò nídìí sìmẹ́ǹtì fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ àti ìdánwò, tàbí kí o máa wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì máa fi òróró pa ọwọ́ lálẹ́.

Kí o tó forúkọ sílẹ̀, síìmù tìrẹ ni kí o fi NIN rẹ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019: kọ NIN, fi àlàfo kan sí i, kọ nọ́ńbà 11 náà. Má lo ti ọ̀gá rẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí JAMB bá rán sí ọ á máa gbà wá, o ò sì lè máa tọrọ fóònù ẹlẹ́ni lójoojúmọ́. Má gbé aago ọwọ́ lọ sí ìdánwò o, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

*Ṣé a lè fi èdè Yorùbá ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin náà? — Olùkọ́, Ọ̀yọ́*

Yorùbá wà lára ohun tí JAMB ń ṣe, Arts ni wọ́n sì kà á sí. Àmọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fẹ́ fún Òfin, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní fọwọ́ rọ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn. Ẹ yẹ orúkọ yunifásítì náà wò lórí IBASS, ojú òpó tí JAMB kó ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, kí ọmọ tó sanwó.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọkùnrin kan ní òun lè bá ọmọ mi ṣètò 300 ní JAMB, kí n mú 200,000 náírà wá. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta*

Rárá, Ìyá. Òfin lórí àrékérekè nínú ìdánwò ti wà láti 1999, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà wà nínú gbọ̀ngàn, JAMB sì lè gba èsì padà lẹ́yìn tí ọmọ ti wọlé. Kí wọ́n tó pe ènìyàn sí lọ́yà, wọ́n á bi í nípa ìwà rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kiri fún ọdún mẹ́fà kó tó débẹ̀?

Bó bá tún pè yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ ti bi lọ́yà.