Aago Mọ́kànlá Alẹ́ Kọ́ Ni Wákàtí Wúrà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Ọmọkùnrin kan ní Kabba ń ta ìwé tó pè ní "wákàtí wúrà" ní ₦15,000. Ó ní aago mọ́kànlá alẹ́ ló dára jù láti ṣòwò Forex, ìyẹn ríra àti títà owó ilẹ̀ òkèèrè, torí àwọn báńkì ńlá ti sùn, owó kì í sì í ṣòro rí nígbà náà. Mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, aago wo ló dára, èwo ni kò dára?

Ìdáhùn: Òkun o, Tíṣà. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta irọ́ yìí fún ẹni tó ń retí owó oṣù. Kò sí aago tó ń pa owó fún èèyàn. Gbogbo ohun tí aago lè ṣe ni kó dín owó tí ẹ ó san kí ẹ tó wọjà kù. Mọ́kànlá alẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yẹn sì wà lára èyí tó burú jù.

Iye méjì ni alágbàtà máa ń gbé síwájú yín: iye tí ẹ ó fi rà, àti iye tí ẹ ó fi tà, tó máa ń kéré díẹ̀ sí ti ríra. Àlàfo àárín méjèèjì là ń pè ní spread. Bí àwọn tó ń rà tó ń tà bá pọ̀, àlàfo yẹn á fún. Bí wọ́n bá ti lọ, á fẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ New York ni ọjọ́ ń parí nínú ọjà yìí. Níbí, ìyẹn jẹ́ mẹ́wàá alẹ́ lásìkò ooru wọn, mọ́kànlá alẹ́ lásìkò òtútù wọn. Òótọ́ ni pé àwọn báńkì ti lọ, ìdí nìyẹn tí ọjà fi ń gbówó lórí.

Ká ní ẹ ra 10,000 yúrò, tí alágbàtà yá yín èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Bí spread bá jẹ́ píìpù kan lọ́sàn-án, ìyẹn 0.0001 dọ́là lórí yúrò kọ̀ọ̀kan, dọ́là kan lẹ san. Bó bá fẹ̀ di mẹ́wàá lálẹ́, dọ́là mẹ́wàá ti lọ kí ọjà tó mira. Ti ẹni tó ti tà sílẹ̀, tó ń retí kí iye já wálẹ̀ kó tó rà á padà, tún burú. Ó fi stop loss sí i, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n pa òwò náà dé bí àdánù bá dé ibì kan. Iye títà ni àwòrán orí fóònù sábà máa ń fi hàn, ṣùgbọ́n iye ríra ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pa òwò rẹ̀ dé. Spread fẹ̀, iye ríra fò sókè, òwò parí. Tó bá jí láàárọ̀, á wo àwòrán, á rí i pé ọjà ò débẹ̀ rárá, á wá máa pariwo olè. Àlàfo ló jẹ owó rẹ̀.

Àsìkò tó dára ni ìgbà tí London àti New York jọ ń ná ọjà: aago kan sí márùn-ún ọ̀sán wa lásìkò ooru wọn, méjì sí mẹ́fà lásìkò òtútù. Nínú ìwádìí Bank for International Settlements, ìyẹn báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ àgbáyé, ní 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí London jẹ́ ojúkò rẹ̀, nìkan gba nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 òwò yìí. Àwa kì í yí aago padà, àwọn ń yí tiwọn: Amẹ́ríkà ní March àti November, Gẹ̀ẹ́sì ní òpin March àti òpin October. Ìwé aago tí kò sọ èyí yóò ṣì yín lọ́nà. Òwúrọ̀ kùtù jẹ́ ti Tokyo, fún ẹni tó ń ṣòwò yẹ́nì. Ẹ fi alẹ́ Sunday àti alẹ́ Friday sílẹ̀.

Àsìkò tó dára náà ní ewu tirẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tó sábà máa ń jáde ní Friday àkọ́kọ́ oṣù, inú rẹ̀ gan-an ló ń bọ́ sí. Ní January 15, 2015, báńkì àpapọ̀ Switzerland ṣàdédé jáwọ́ nínú fránkì 1.20 tó ti ní yúrò kan kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ wa ni, London wà lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ àkáǹtì àwọn kan gbẹ, àwọn mìíràn jẹ alágbàtà wọn ní gbèsè.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan owó alájẹṣẹ́kù. Ní 2018, àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò Yúróòpù sọ pé láti 74 dé 89 nínú 100 àkáǹtì àwọn èèyàn bíi tiwa, tó ń fi owó àyálò ṣe irú òwò yìí, ló ń pàdánù. N kò mọ àpò yín, n kò sì lè ní kí ẹ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é; àlàyé ni mo ṣe. Àmọ́ kíláàsì lẹ máa wà ní aago kan ọ̀sán. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá lọ nígbà tí òwò ṣì wà ní ṣíṣí ńkọ́? Ẹ fi àkáǹtì ìdánrawò tí kò gba owó gbìyànjú lásìkò ọlidé ná. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún pè, ẹ ní kó ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lójú yín, kó fi òwò oṣù mẹ́fà tó fi wákàtí wúrà ṣe hàn yín. Ẹ má gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.