O ti gba instrument rating, àmọ́ ìkùukùu ṣì ń bà ẹ́ lẹ́rù

Àbúrò, o ní oṣù mẹ́ta rèé tó o ti gba instrument rating, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé o lè fi àwọn ẹ̀rọ inú bàlúù nìkan wà á láì rí ìta, àmọ́ tó o bá ti rí ìkùukùu báyìí o máa ní ilé yá. Má jẹ́ kójú tì ẹ́ jàre. Oṣù márùn-ún ni tèmi fi wà nínú àpò tí mi ò lò ó.

Ṣó o rí i, abẹ́ hood, ìbòjú tí kì í jẹ́ ká rí ìta, la ti kọ́ ọ, tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ara mọ̀ pé ìta mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá wọnú ìkùukùu gidi, kọntíróólà ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo ń yà lọ́wọ́ ni bírò bá já bọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mú un, bí mo ṣe gbórí sókè báyìí, háà, ó dà bíi pé bàlúù ń takìtì! Mo ti fẹ́ máa wọ́ yoke, ìyẹn ọwọ́ ìdarí bàlúù, kiri kí n tó rántí wo attitude indicator, ẹ̀rọ tó ń fi bí bàlúù ṣe tẹ̀ hàn, kò sóhun tó ṣe bàlúù rárá, ó rọra ń yà lọ jẹ́jẹ́ ni. Omi inú etí tó ń bá wa mọ bí ara ṣe dúró ló ń purọ́ fún mi. Látìgbà yẹn, bírò tó bá já bọ́ ti di ti ilẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ń ṣa ọjọ́ mú. Ọjọ́ tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu bá wà ní 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, tí kò nípọn, tí òkè ẹ̀ mọ́, tí ibi tí yìnyín ti lè mú bàlúù sì jìnnà sókè dáadáa, màá wọlé, màá jáde, màá tún wọlé. Ọjọ́ tójú ọ̀run mọ́ náà, IFR ni mo ń fáìlì, ìyẹn ìrìn tá à ń fi ẹ̀rọ wà, tá a sì ń bá kọntíróólà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, torí ká sòótọ́, ìdajì ẹ̀rù mi kì í ṣe ti ìkùukùu, ti rédíò ni.

Lóòótọ́ ILS Category I, ẹ̀rọ tó ń fi àmì rédíò darí bàlúù wá síbi ìbalẹ̀, lè gbé ẹ dé 200 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ kó o tó rí ibi ìbalẹ̀, àmọ́ 1,000 ni mo kọ sílẹ̀ fún ara mi, ilé ni mo sì ti kọ ọ́, torí tó o bá dókè tán o máa bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń nájà. Ti òfin Amẹ́ríkà tó ní approach 6 (fífi ẹ̀rọ bọ̀ wá síbi ìbalẹ̀) láàárín oṣù 6 pẹ̀lú holding (yíyí po lójú kan lókè), ìyẹn ń sọ pé wọn ò ní mú ẹ ni, kò sọ pé ọwọ́ ẹ ṣì mú o.

Ọjọ́ tọ́kàn mi balẹ̀ gan-an, mi ò tiẹ̀ balẹ̀ síbi tí mò ń lọ. Wọ́n ní ìkùukùu ò ní wá sílẹ̀ ju 1,500 lọ, mo dé 1,000 mi ò rí nǹkan kan, mo ti power síwájú, mo gbé imú sókè, mo ní missed approach, ìyẹn ni pé mi ò balẹ̀ mọ́, mo sì gba alternate lọ, pápákọ̀ òfuurufú míì tí mo ti yàn sílẹ̀, níbi tójú ọjọ́ ti mọ́ kedere. Tẹ́lẹ̀ ńṣe ni mo máa ń rò pé ẹni tó ṣe missed ti fìdí rẹmi. Lẹ́yìn tí mo páàkì tán lọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, lókè kò gbọ̀n rárá. Mo pe ìyàwó mi pé mi ò ní lè délé lálẹ́ yẹn, mo wá ibì kan sùn.