Ẹ má tíì ra kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ fa irin fèrèsé yín wò

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ ní owó ọwọ́ yín ò ká ju nǹkan kan lọ, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ fi ra kámẹ́rà ni tàbí kẹ́ ẹ fi gbé ògiri ga sí i, kẹ́ ẹ tó kó wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Irin ojú fèrèsé ni mo máa fi owó yẹn tún ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2018, èmi àtàwọn ọmọ lọ ṣe àìsùn ọdún tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà Arówómọlé nilé wa wà, ògiri wa sì ga dáadáa. Àdúgbò dá, báńgà ń dún lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá ń lu irin lóru ọjọ́ náà, ta ló fẹ́ gbọ́? Aago kan kọjá ká tó dé. Àgádágodo wà lẹ́nu géètì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo tan iná fóònù, mo rí kọ́tìnnì kíṣìnnì tí atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ wá sínú ilé. Ọyẹ́ ti da eruku sí gbogbo ilẹ̀, ipa bàtà ẹni méjì sì tò lórí táìsì láti kíṣìnnì dé yàrá mi. Agolo Milo tí mo ń kó owó àjọ sí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣófo. ₦140,000 ni, owó ẹlòmíì ni, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi san án. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà ọmọ mi, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì, wọ́n tú àpótí dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kó sányán ìyá mi lọ. Ìyá mi ti di olóògbé nígbà yẹn. Títí dòní, tí mo bá rí ẹni tó wọ sányán lóde ìnáwó, mo máa ń sún mọ́ ọn kí n lè wo etí aṣọ náà dáadáa.

Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mo wọlé tọmọtọmọ lóru yẹn. Bí wọ́n bá ṣì wà nínú yàrá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ bá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ní ṣíṣí, ẹ má wọlé. Ẹ padà síta, ẹ ké sí aládùúgbò, ẹ pe 112, tàbí 615 tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a lọ wo fèrèsé. Irin yẹn nípọn, owó ńlá ni mo san lé e lórí. Àṣé ìṣó mẹ́rin péré ni wọ́n fi kàn án mọ́ pákó férémù. Dígà táwọn tó gbẹ́ kànga fún wa gbàgbé sẹ́yìnkùlé lolè fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò gé ẹyọ irin kan. Wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ lódindi, bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu nígbà òjò, wọ́n wá rọra gbé e ti ògiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì di irin yín mú, kẹ́ ẹ fà á tagbáratagbára. Tó bá mì, tàbí tí eruku bá ń já bọ́ létí ẹ̀, kò tíì dúró. Kí wẹ́dà jó irin kúkúrú tó máa jẹ́ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó kéré tán ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Kí bíríkìlà gbẹ́ ihò wọnú búlọ́ọ̀kù, bí ínṣì mẹ́rin, kó ti ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́, kó fi kọnkéré dí i. Ẹ ní kí irin ìdábùú wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, torí irin òòró nìkan, jáàkì mọ́tò lè yà á sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ̀rù kan wà níbẹ̀ o. Iná lè sọ. Irin tí olè ò lè wọ̀, ọmọ yín náà ò ní lè gbabẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé kan nínú yàrá téèyàn ń sùn sí ní ilẹ̀kùn irin kékeré tó ń ṣí láti inú. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ń bẹ lára ìṣó kan nílé wa, ọmọ tó kéré jù mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n igi téèyàn tì bọ fèrèsé ò lè kàn án. Igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fa fóònù tó ń gba iná jáde.

Ti ògiri gíga, mo ti kà á sí ààbò tẹ́lẹ̀. Olè tó bá ti fo ògiri, ògiri yẹn ti di tiẹ̀. Ìyá Ìbejì iwájú ilé wa ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lóru ọjọ́ náà, kò rí nǹkan kan, torí ògiri mi ò jẹ́ kó rí i. Mo ti wó apá iwájú sílẹ̀ díẹ̀, mo fi irin téèyàn lè rí àárín ẹ̀ sórí ẹ̀. Kámẹ́rà ò burú tówó bá kù, ṣùgbọ́n ẹni tó fi fìlà bojú ló máa yà fún yín, tí iná bá tiẹ̀ wà. Gílóòbù sólà tó ń tàn tẹ́nì kan bá kọjá ṣàǹfààní jù ú lọ.

Àgádágodo tó ń fì lára géètì níta ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sẹ́nì kan nílé. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ojú ihò tọ́wọ́ lè gbà wọlé, kẹ́ ẹ lè máa tì í látinú. Ẹ sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn tí káfíńtà, onítáìsì àti akunlé bá ti jáde. Mi ò ka èèyàn kankan sólè, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti gba ọwọ́ wọn kọjá?

Nígbà tí mo dé tésàn, wọ́n ní kí n mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdí kọ̀ǹpútà náà wá, mi ò ní in. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lónìí. Ti fóònù, ẹ tẹ *#06#, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde.

Látọdún tó tẹ̀ lé e, lánlọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án la jọ ń dáwó fún ọdẹ. Lálẹ́ àìsùn, ilé méjì méjì ló ń fàgbà sílẹ̀, àwọn yẹn á jókòó síta, wọ́n á tanná. Lọ́dún tó kàn mí, èmi àti Ìyá Ìbejì la ṣọ́ àdúgbò, a dáná ẹ̀kọ gbígbóná, a ń gbọ́ ìwàásù láti ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni wà níbẹ̀.

Tí bíríkìlà yín ò bá tíì rẹ́ ògiri, ẹ pe wẹ́dà lọ́la, ẹ dúró tì í títí kọnkéré á fi wọlé.