Ṣé ìjọba ló ni Chamber of Commerce tó wà ní Àkúrẹ́? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Rárá o, ìjọba kọ́ ló ni ín. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ ni. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò lè bu owó orí fún yín, kò sì lè forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀. CAC, àjọ ìjọba, ló ni iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó jẹ́ agbẹnusọ oníṣòwò níwájú ìjọba, lórí owó orí, ọ̀nà àti iná mànàmáná. Ó tún máa ń ṣètò ìpàtẹ ọjà. Ṣùgbọ́n fún àwa tí kòkó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi ni ti ọjà òkè òkun. Ká ní ẹ kó kòkó jọ ní Ìdànrè, tí oníbàárà yín wà ní Jámánì: ó lè béèrè ìwé ẹ̀rí tó fi hàn pé Nàìjíríà ni ọjà náà ti wá. NACCIMA, àpapọ̀ irú ẹgbẹ́ yìí ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìtàn, Marseille ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ní 1599. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1888. Ẹ má sì gbàgbé pé Yorùbá ti ní Pàràkòyí tipẹ́, àwọn ìjòyè tó ń bójú tó ọjà, tí wọ́n sì ń parí ìjà láàárín oníṣòwò.