Èsì: Kíkọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà àbùjá kíbọọ̀dù nínú VS Code

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ láti yí ọ̀nà àbùjá kíbọọ̀dù (àwọn bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ láti pàṣẹ) padà nínú VS Code, ètò tí a fi ń kọ kóòdù. Ẹ má tíì fi keybindings.json, fáìlì tí a ti ń fi ọwọ́ kọ àwọn àyípadà náà, hàn wọ́n rárá. Ẹ̀rù á kàn bà wọ́n ni.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ Ctrl+K, kí wọ́n wá tẹ Ctrl+S tẹ̀ lé e. Gbogbo àṣẹ á tò sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n mú. Èmi fara mọ́ Copy Line Down, torí lójú ẹsẹ̀ ni ìlà kan á di méjì. Lórí Windows, Shift+Alt+Down ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tẹ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tuntun, ó di Enter.

Ibi tí ẹ ó ti ní sùúrù nìyí o: bí bọ́tìnnì yẹn bá ti níṣẹ́ mìíràn, VS Code á sọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kékeré náà, àmọ́ kò ní dí wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá gbé Ctrl+S fún Copy Line Down á máa tẹ̀ ẹ́ pé òun ń fi iṣẹ́ pamọ́, ìlà á kàn máa pọ̀ sí i ni! Ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ àṣẹ náà, kí wọ́n mú Reset Keybinding, èyí tó ń dá bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà.