Ó Ní Òun Ò Gba Owó Kankan

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mo rí lẹ́tà tó o kọ láti Ìjẹ̀bú-Òde. O ní ọkọ ẹ gba ₦200,000 nínú owó gàrí tó ò ń tà, ó fi rán aṣọ régbérégbé fún Ojúde Ọba. Nígbà tó o béèrè owó, ó ní òun ò gba kọ́bọ̀, orí ẹ ló ń dàrú. O fi àlàátì hàn án lórí fóònù. Ó ní, "O ti wá di ọlọ́pàá ilé báyìí?" Kílẹ̀ tó ṣú, ìwọ lo wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ò ń bẹ̀bẹ̀. O wá ń bi mí bóyá lóòótọ́ lorí ẹ ń dàrú.

Rárá o. Orí ẹ pé.

Wo ọ̀rọ̀ àlàátì yẹn dáadáa. Kò ní irọ́ ni, kò ní òun gbàgbé. Ó kàn gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí owó, ó gbé e ka ìwà ẹ lórí, ni ajigbèsè bá di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, mo lè ní inú ló ń bí i. Ọdún 6 lo kà fún mi! Ó ti ní kó o má lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ ní Ìpẹru mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ra léèsì wálé lẹ́yìn gbogbo ìjà. Léèsì kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kò dárúkọ ohun tó ṣe rí.

Àwọn dókítà ọpọlọ mọ irú ìwà èmi-nìkan-ló-wà yìí. Àmì 9 ni wọ́n ń wò, ó kéré tán 5 gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó pè é ní àìsàn. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Ohun tó ń ṣe sí ẹ ni tiwa.

Má bá a jiyàn mọ́, "mo jẹ̀bi" ò ní í jáde lẹ́nu ẹ̀. "Mo ti gbọ́" ti tó. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ọjọ́, iye owó àti ohun tó sọ, kó o tọ́jú ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Má fi hàn án o. Ìwọ ni wàá máa kà á lọ́jọ́ tó bá tún ní orí ẹ dàrú. Kí owó gàrí ní àkáǹtì tiẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ńkọ́? Má tíì pè é. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹnu dídùn débẹ̀ ṣáájú. Mo jókòó sírú ẹ̀ rí, ìyàwó la bá wí. Ojú ṣì ń tì mí.

Bó bá gbọ́wọ́ sókè, kó àwọn ọmọ kó o jáde ná. Òfin tó de ìwà ipá, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti ṣe irú ẹ̀, ò sì mọ sórí lílù nìkan: ó ka fífi ọ̀rọ̀ fìyà jẹni àti yíya èèyàn kúrò lára ẹbí ẹ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ sí Ìpẹru lọ́jọ́ Àìkú yìí. Bu gàrí díẹ̀ dání fún ìyá ẹ.