Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń wúwo sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní àwọn irin kan wà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn ń wúwo ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣeré? — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Kò fi yín ṣeré, Mà, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná kọjá nínú irin, ò sanra. Ìrìn rẹ̀ ló wúwo. Ẹ wo CeAl₃, àdàpọ̀ sẹ́ríọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù, tí ìròyìn rẹ̀ jáde láti Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ní 1975. Átọ́ọ̀mù sẹ́ríọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kì í fẹ́ kúrò nílé, tó ń ṣe bíi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré. Bí òtútù bá ti mú gan-an, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yòókù tó ń rìn kiri á lọ́ mọ́ ọn, wọ́n á sì bo agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bíi ti olóyè tó wọ ọjà ni ìrìn wọn wá rí: gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí i, kò lè yára mọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti onímọ̀ físíìsì Frank Steglich àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, 1979. Wọ́n mú CeCu₂Si₂, àdàpọ̀ sẹ́ríọ́ọ̀mù, kọ́pà àti sílíkọ́ọ̀nù, tutù dé nǹkan bíi −272.6°C (fìríìsà yín ò dé ìdajì ọ̀nà), ni iná mànàmáná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló gbà nígbà náà pé níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá wà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́.